Àlejò ní Ilé Àdúrà Ẹlòmíràn

Ní ẹsẹ̀ Òkè Sínáì, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ilé kan wà tí wọ́n ti ń gbàdúrà nínú rẹ̀ láti ohun tó lé ní 1,400 ọdún sẹ́yìn. Justinian, ọba Róòmù ti ìlà-oòrùn, ló ní kí wọ́n fi òkúta mọ odi rẹ̀ láàárín ọdún 548 sí 565. Saint Catherine ni wọ́n ń pè é. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé ti ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ti Gíríìkì ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ọkùnrin tí wọn kò fẹ́ aya, tí wọn kò kó ọrọ̀ jọ, tí wọ́n fi ọjọ́ ayé wọn jìn fún àdúrà. Wọn kò pọ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré méjì lè kó gbogbo wọn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ lọ. Iṣẹ́ ló gbé e lọ sí Káírò, èmi náà sì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo bá a lọ. Ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ Jímọ̀ ni tirẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín wa tí a kì í sọ. Nígbà tí ìyá wa kú ní ọdún méje sẹ́yìn, tí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n mi tí í ṣe àkọ́bí dúró sábẹ́ igi níta láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin. Ó náwó sí ìsìnkú náà ju gbogbo wa lọ, ó bá wa gbé pósí, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó dùn mí. N kò béèrè ìdí rẹ̀, òun náà kò sì sọ.

Láti Káírò, ìrìn náà ju wákàtí mẹ́fà lọ nínú mọ́tò. Ọ̀nà máa ń gba abẹ́ Odò Súẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbẹ́ kọjá, àwọn ọlọ́pàá àti sójà a sì máa dá ọkọ̀ dúró láti wo ìwé ìrìnnà. Lẹ́yìn èyí, òkúta àti iyanrìn nìkan ló kù. Ibi tí ilé náà wà ga tó nǹkan bí 1,500 mítà ju òkun lọ. Oṣù Kejìlá la lọ, aṣọ òtútù méjì ni mo sì wọ̀ sùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, ọkùnrin tó ń fi wá mọ̀nà pè wá jọ, àwa mọ́kànlá tí a wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ní òwúrọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò, nítorí àwọn bàbá náà ti ń gbàdúrà kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì tún ní iṣẹ́ àti àdúrà mìíràn lọ́sàn-án. Wọn kì í gba àlejò lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́jọ́ Àìkú àti lọ́jọ́ ọdún ìjọ. Kí èjìká àti orúnkún ẹnikẹ́ni má ṣe hàn síta. Kí ẹnikẹ́ni má ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí a má sì ya bàbá kankan láìtọrọ àyè. “Ilé wọn ni,” ó ní. “Ẹ má wò ó bí ibi ìgbafẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu, nítorí pé Mùsùlùmí ni ọkùnrin náà. Ọmọ ẹ̀yà Jebeliya ni. Ìtàn wọn sọ pé Justinian ló kó àwọn baba ńlá wọn wá láti agbègbè Òkun Dúdú àti láti Íjíbítì, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ilé náà, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ fún un. Nígbà tó yá, wọ́n gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn ṣì ń bá àwọn bàbá náà ṣiṣẹ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ihò kan lókè odi ni wọ́n ti ń fi okùn fa ènìyàn àti oúnjẹ wọlé, nítorí ìbẹ̀rù àwọn olè. Lónìí, ilẹ̀kùn kékeré kan lára odi ni à ń gbà wọlé. Nínú ọgbà, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣù bo orí ògiri, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àwọn bàbá náà gbà pé òun ni igbó tí Mósè rí tó ń jó tí kò sì run. Ọkùnrin kan nínú wa na ọwọ́ sókè láti já ewé rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi gbàdúrà nílé. Afinimọ̀nà wa rọra dì í lọ́wọ́ mú. Ó bi í pé bí gbogbo ẹni tó ti wá síbí ṣáájú rẹ̀ bá já ewé kọ̀ọ̀kan, kí ni òun ìbá bá níbẹ̀ lónìí? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi dúró. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe ní kó wá ibi tí òjìji wà jókòó dè mí. Ṣùgbọ́n òkè ló ń wò. Ilé gogoro méjì ló wà níwájú wa, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó wá láti Rọ́ṣíà ní ọdún 1871 ló wà lókè ọ̀kan, èkejì sì jẹ́ ti mọ́ṣáláṣí. Mọ́ṣáláṣí nínú odi àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́! Ó ti tó nǹkan bí 900 ọdún tí ó ti wà níbẹ̀. Ìtàn ilé náà tún sọ pé Ànábì Muhammad fún àwọn bàbá ìgbà náà ní ìwé ààbò, tó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀dà rẹ̀ nípamọ́.

Afinimọ̀nà wa sọ ohun kan tí n kò gbọ́ rí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ àti ìkẹsàn-án, àwọn ọba Kristẹni kan ní Kọnsitantinópù pàṣẹ pé kí wọ́n ba gbogbo àwòrán mímọ́ jẹ́. Àṣẹ wọn kò dé Sínáì, nítorí pé abẹ́ ìjọba àwọn Mùsùlùmí ló wà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán Jésù kan tí wọ́n yà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà fi wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Kò tan àbẹ́là, kò tẹrí ba fún àwòrán kankan, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó lọ́hùn-ún. Òórùn tùràrí gba gbogbo ibẹ̀, àwọn fìtílà rọ̀ láti òkè. Nígbà tí ó gbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá mímọ́ tó wà lẹ́yìn pẹpẹ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ilé náà mọ oríṣiríṣi àlejò. Ìwé àfọwọ́kọ tó wà níbẹ̀ lé ní 3,000, ní èdè Gíríìkì, Lárúbáwá, Síríákì àti àwọn mìíràn. Ní ọdún 1844, ọ̀mọ̀wé Jámánì kan, Constantin Tischendorf, kó ewé ìwé 43 lọ nínú Bíbélì èdè Gíríìkì kan tí wọ́n kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Ní 1859, ó padà wá, ó gba 347 sí i, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé òun yóò dá a padà nígbà tí wọ́n bá béèrè. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n Bíbélì náà kò padà. Ní 1869, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fi ta Rọ́ṣíà lọ́rẹ, síbẹ̀ àríyànjiyàn lórí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ kò tíì parí. Ní 1933, ìjọba Soviet tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní £100,000, Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà.

Ní 1892, àwọn ìbejì obìnrin méjì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Agnes Smith Lewis àti Margaret Dunlop Gibson. Wọ́n ti kọ́ èdè Gíríìkì tí àwọn bàbá náà ń sọ kí wọ́n tó wá. Agnes rí ìwé Ìhìn Rere àtijọ́ kan ní èdè Síríákì, tí wọ́n ti ha ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Wọ́n ya fọ́tò ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá a. Ibẹ̀ ló wà títí di òní.

Níkẹyìn, wọ́n mú wa lọ sí ilé egungun nínú ọgbà. Ibojì àwọn bàbá náà kò tó nǹkan, nítorí náà, bí òkú bá pẹ́ nílẹ̀, wọ́n á hú egungun rẹ̀, wọ́n á kó o síbẹ̀. Agbárí jọ bí òkè. Stephen, bàbá kan tó ṣọ́ ọ̀nà òkè náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ ajẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan nínú wa lọgun, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ó sì sá síta. Ẹ̀gbọ́n mi kò sá. Ó dúró pẹ́.

Nígbà tí a jókòó lábẹ́ igi ólífì níta, ó ní, “Ìyá Tọ́pẹ́, lọ́jọ́ tí a sin Ìyá, mo rò pé bí mo bá ti wọlé, mo ti bá wọn ṣe é nìyẹn.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ò ní kí ẹ bá wa ṣe é. A kàn fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ ni.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Mo wà níbẹ̀. Gbogbo orin tí ẹ kọ ni mo gbọ́.”

A kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá rántí rẹ̀ lábẹ́ igi yẹn, ohun tí mo ń rí ni ẹni tó dúró nínú oòrùn fún wákàtí méjì tí kò lọ sílé. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí ọkàn ló gba ènìyàn láyè láti wọ ilé ìsìn ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì fi sùúrù dúró síta ti bọ̀wọ̀ fún onílé.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kó ọmọ lọ sí irú ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń gba àlejò. Ẹ mú ìborùn dání, kí aṣọ yín sì bo ara. Ẹ pa fóònù kí ẹ tó wọlé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan àwòrán, kí wọ́n má nàka sí ẹni tó ń gbàdúrà, kí wọ́n má sì já ewé. Ẹ má bá onílé jiyàn ẹ̀sìn nínú ilé rẹ̀. Ẹ má sì ṣe ohun tí ẹ kò gbà gbọ́ láti fi tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ kò mọ ohun tó kàn, ẹ dákẹ́, kí ẹ wo ohun tí àwọn onílé ń ṣe.