Ẹsẹ̀ La Fi Gba Pópó Àgùdà

Ẹ bi àwa tí à ń gbé Èjìgbò léèrè pé ìgbà wo la dé Èkó kẹ́yìn. N kò wí ti Èjìgbò ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun o. Èjìgbò tiwa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsọlọ̀ yìí ni mò ń wí. Èsì tí ẹ óò gbọ́ ni pé, "Mo lọ ra aṣọ ní Balógun," tàbí, "Mo lọ gba ìwé kan ní ọ́fíìsì." Eré la fi ń lọ, eré la fi ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ òyìnbó á wọ bàálù lọ sí Sevilla ní Sípéènì, á máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa wo fèrèsé ilé onílé. Owó gidi ló sì san tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ Rélùwéè. Wọ́n ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Àwọn ọmọ wọn ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó wọn lọ sílé ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ní Èkó ti le jù fún àgbà. Ẹ̀gbọ́n ò bá wọn jà. Èmi ni wọ́n ránṣẹ́ pè. "Ìwọ tí o ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, mú mi lọ sí Tinúbú kí n tó lọ. Wọ́n ní wọ́n ti wó ilé Olaiya. Rédíò ló sọ ọ́, àmọ́ àfi kí n fojú ara mi rí i."

A mú ọjọ́ Sátidé. Dáńfó gbé wa dé Cele, òmíràn gbé wa dé Mile 2, a wá wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ sí Màrínà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ẹ̀gbọ́n jókòó bí ọ̀gá tó wá yẹ iṣẹ́ wò. Iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ ọ̀hún, kò rú èéfín, kò pariwo. "Ó dáa," ni wọ́n wí, "àmọ́ kò dún bí ọkọ̀ ojú irin." Ìgbà tí a bọ́ sórí omi tí Èkó yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

A kọjá níwájú kàtídírà àwọn Áńgílíkà ní Màrínà, èyí tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí wọn ò sì kọ́ tán títí di 1946. Èmi fẹ́ dúró, Ẹ̀gbọ́n ní ìyẹn kò ní í sá lọ.

Ní Kakawa la ti dúró pẹ́. Ibẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń pè ní Water House wà, ilé João Esan da Rocha. Ọmọ Iléṣà ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé, tí wọ́n tà á sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó dàgbà níbẹ̀, ó bímọ, ó sì kó wọn padà wá sí Èkó. Kànga wà nínú ilé náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ará Èkó ti ń ra omi kí omi ẹ̀rọ tó dé. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n fi ṣe ọjà ló padà wá di ọlọ́jà. Candido ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí sí Bàhíà ní 1860, tó sì kú ní 1959, wá lówó débi pé, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ti sọ, bí àwọn bá ti ń tọrọ kọ́bọ̀ jù, ìyá wọn á ní, "Ṣé èmi ni Da Rocha ni?"

A dé Tinúbú. Ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè nì wà níbẹ̀, orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, ṣì wà lára ojúde náà. Ẹ̀gbọ́n ò wo ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n kọjú sí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ rí, tí orí ilẹ̀kùn rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ìdílé Olaiya sì rà á ní 1933. Ilojo Bar ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ní 1956 ìjọba kéde pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ Sunday, 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Abẹ́ ilé yẹn ni Ẹ̀gbọ́n ti máa ń dúró de ìyàwó wọn tó ti di olóògbé, nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra sọ́nà. Wọ́n na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́, wọ́n ní, "Òpó kan wà níbí." Wọ́n bi ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà fóònù pé kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀ o. Ẹ ra ṣájà."

Inú bí mi, àmọ́ ta ni n bá bínú sí? Ọmọ yẹn ò ṣẹ nǹkan. Ilé ìdílé tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀, tí òrùlé ń jò, orí ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ń gun òkè lójoojúmọ́! Ìjọba tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ta ló ní kó máa tún un ṣe? Tí a bá ní ká tọ́jú ilé, ká sọ ẹni tí yóò ra sìmẹ́ǹtì.

Ẹ̀gbọ́n ló fà mí lọ sí ọ̀nà Martin. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì dúró sán-ún níbẹ̀, láti 1894 tí wọ́n ti ṣí i. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tó fi jọ ilé Bàhíà. Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí pé ebi ń pa àwọn. Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége la jẹ, wọ́n sì fi omi tútù sìn ín, èyí tí dókítà wọn ì bá bínú sí.

Oòrùn ti rọlẹ̀ nígbà tí a dé Campos. Hilario Campos tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ti Kúbà dé ló ti wá, níbi tí Sípéènì ṣàkóso títí di 1898. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, òyìnbó ń lọ wo Sípéènì, Sípéènì díẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Nínú ọ̀nà tóóró kan, a rí ilé kékeré kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n kí wọn, wọ́n ní àwọn kàn ń wo ilé ni. Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa wò ó dáadáa. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tà á. Èmi ni mi ò tíì fọwọ́ sí i." Wọ́n sún, wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n láyè lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ fẹ̀rẹ̀jọ́ǹ, ẹ̀wà oní-àgbọn tí wọ́n máa ń sè ní Fúráídè Rere, ni wọ́n wá ń sọ, ta ló mọ̀ ọ́n sè jù láyé àtijọ́, ìdílé wo ni ṣúgà ti máa ń pọ̀ jù. Èmi ń wo aago, Ẹ̀gbọ́n ò wò mí.

Nígbà tí a dìde, Ìyá di Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú. "Ẹ padà wá jẹ ẹ́ ní Àjíǹde, Bàbá."

"Ìjẹ̀bú ni n óò wà, Ìyá."

"Kí wọ́n gbé yín wá. Ẹ má wulẹ̀ dúró di èyí tó tún tẹ̀ lé e."