Orí ẹ́ńjìnnì ni mo jókòó dé Turffontein

Ẹni tó bá ti wọ danfo LT rí ní Èkó yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àárín ìjókòó iwájú méjèèjì ni Volkswagen, tó ṣe irú ọkọ̀ náà láti 1975 sí 1996, gbé ẹ́ńjìnnì sí. Èrò a sì máa jókòó lé ìdérí rẹ̀.

Mo rò pé mo ti bọ́ nínú ìyẹn ní Johannesburg. Irọ́ ni! Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà nínú bọ́ọ̀sì HiAce, tí wọ́n ń pè ní takisí níbẹ̀, tó gbé wa lọ sí Turffontein, níbi tí pápá eré ẹṣin ti wà láti 1887. Àárín ni wọ́n fi mí sí. Ooru ń rú sí mi nídìí bí ẹni jókòó ti ààrò.

Ooru nìkan ìbá sàn. Takisí wọn kì í ní kọ̀ńdọ́kítọ̀: èrò ẹ̀yìn a ta owó síwájú, ará iwájú a kà á, a sì fún wọn ní ṣéńjì. Ìyá àgbàlagbà kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó na owó sí mi. Èmi tí n kò tíì mọ owó wọn dunjú! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Rand márùn-ún dín. Mo fi tèmi dí i, mo sì panu mọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀ ni mo rí i lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó gbóná janjan.