Wákàtí Kan Lábẹ́ Hilux

Aago méje ti lù ní Ọlọ́runṣògo. Ẹlẹ́kọ ti kiri kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́kadà ń fun fèrè, ọkọ̀ tó kó ẹrù oko bọ̀ láti ọ̀nà Akánrán ń rọ́ wọ ìgboro. Ọ̀kan nínú wọn ti yà sábẹ́ igi máńgòrò tí ọ̀gá mẹkáníìkì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: Hilux funfun tí etí rẹ̀ ti dógùn-ún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Ìyá tó ni ẹrù jókòó níwájú, ó fọwọ́ lérán.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi gbọ́ ọ," ni bàbá awakọ̀ wí. "Bí mo bá ti ń jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì báyìí, á dún gbàù! Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, á tún dún. Wọ́n ní díìfù ti lọ, pé kí n lọ wá tòkunbọ̀ rà."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti rí àgbẹ̀ tó ta ẹ̀gẹ́ oko rẹ̀ tán torí díìfù, tó gbé e wálé, tí ìró náà ṣì wà níbẹ̀. Láti inú ẹ́ńjìnnì, agbára ń gba inú kílọ́ọ̀ṣì, gíà, ọ̀pá gígùn tí à ń pè ní pùròpẹ́là, kó tó dé díìfù àti táyà. Púpọ̀ nínú oríkèé ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀. Eyín inú díìfù Toyota pàápàá, àyè tó yẹ kó wà láàárín wọn jẹ́ 0.13 sí 0.18 mílímítà, kò nípọn tó pépà méjì tí a gbé léra. Ṣùgbọ́n bí oríkèé kan bá jẹ, gbàù kan náà ni etí awakọ̀ máa gbọ́, ibi yòówù kó ti wá. Ọwọ́ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ fi òkúta há táyà, wọ́n yọ gíà, wọ́n tú háńdì-bìréèkì sílẹ̀. Ọ̀gá tẹ́ àpò ìrẹsì, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ wọlé. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. Ó di pùròpẹ́là mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, kò wo ọwọ́ ara rẹ̀ rárá: ìdí díìfù ló tẹjú mọ́. "Ìwọ, di ẹnu díìfù yẹn mú gírígírí." Ọmọ náà dì í. Ọ̀pá yí, ẹnu díìfù kò mira. Ó tún mi ẹnu díìfù sókè sódò bóyá bẹ́árìn inú rẹ̀ ti jẹ, kò yẹ̀. Ó yẹ bẹ́árìn àárín wò, ó fi irin gbé gíà sókè wo síìtì rẹ̀, ó padà sẹ́yìn.

"Kírọ́ọ̀sì ni."

Irin alápá mẹ́rin ni, apá kọ̀ọ̀kan wà nínú ife kékeré tí irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ yí ká. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá máa yí lọ nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fò lórí gegele. Ní Kútọnu, cardan ni wọ́n ń pè é, láti ara orúkọ Gerolamo Cardano, ará Ítálì tó kú ní 1576.

Kó tó tú bóòtù, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan gba ara ọ̀pá kọjá sára ẹnu díìfù, kó lè dá a padà bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n lórí eré. Ó lu àwọn ife náà jáde. Mẹ́ta ṣì ní gírísì. Ẹ̀kẹrin gbẹ táútáú. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti lọ̀ di ìyẹ̀fun pupa bí osùn.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ti fa gírísì sí i kẹ́yìn?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù lórí ìka, ó dákẹ́.

"Díìfù yín ò ṣe nǹkan kan."

Ọmọ iṣẹ́ ti gorí ọ̀kadà, ó ń lọ ra òmíràn ní Gate. Ìyá ẹlẹ́rù sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ewé bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nítorí oòrùn tó ti ń mú. Bàbá ṣì lóṣòó, kírọ́ọ̀sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò nu apá tó gbẹ yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.