Kòkòrò Inú Obì

Ẹ já ewé àgbàdo kan tí àrùn ìdógùn-ún mú, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Ẹ ó rí kókó wínníwínní, pupa rúsúrúsú; bí ọwọ́ bá kàn án, ìyẹ̀fun rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ni níka. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ewé yòókù bá tilẹ̀ ti ń pọ́n, ibi tó yí kókó náà ká ṣì lè tutù yọ̀yọ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Puccinia polysora, ẹbí olu tó ń fa àrùn yìí, kì í jẹ òkú ewé. Ààyè ló ń jẹ. Ó ń gba ara ògiri sẹ́ẹ̀lì wọlé, àmọ́ kì í ya awọ tó wà nínú rẹ̀. Ńṣe ló ń tì í wọnú, tó ń fara mọ́ ọn, tó sì ń jẹun.

Ṣúgà ni oúnjẹ náà. Súkúrósì ni ewé fi ń ránṣẹ́ sí ọmọ àgbàdo. Níbi tí irú àrùn yìí bá ti dé, èròjà tí wọ́n ń pè ní invertase a pọ̀ sí i, a sì gé súkúrósì sí glúkósì àti fúrúkitósì. Olu a fà wọ́n mu, a sọ wọ́n di mánítọ́ọ̀lì àti tiréhálósì, tí ewé kò lè fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́. Ní 1969, David Smith, Leonard Muscatine àti David Lewis ṣàlàyé pé irú ìyípadà yìí ni kì í jẹ́ kí ṣúgà padà sẹ́yìn. Ewé tó yẹ kó máa bọ́ ọmọ wá di ẹni tó ń bọ́ àlejò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní 1949 ni wọ́n rí àrùn náà ní Sierra Leone, kò sì pẹ́ tó fi tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, wà lára àwọn tó wá irúgbìn tó lè dúró dè é, nínú àgbàdo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti ń bá a gbé tipẹ́.

Àlìkámà tún fi ọ̀nà kan hàn wá. Ní 2015, wọ́n rí i pé jíìnì Lr67 jẹ mọ́ èròjà tó ń gbé glúkósì wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Irú èyí tó yí padà kì í gbé e mọ́, àlìkámà tó ní i sì ń kojú oríṣi ìdógùn-ún mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí á tó ra oògùn, tí owó rẹ̀ sábà máa ń ju agbára àgbẹ̀ kékeré lọ, ká béèrè ibi tí oúnjẹ ewé ń gbà lọ. Irúgbìn tó mọ oúnjẹ rẹ̀ ṣọ́ ti ń gbèjà àgbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ilẹ̀.