Ìdànrè Tàbí Kétu: Ìlú Wo Ni Ká Kó Ìdílé Lọ?

Ìsinmi ilé-ìwé ń bọ̀, àwọn ọmọ mi sì ti dá owó jọ pé ká lo ọjọ́ mẹ́rin ní ìlú àtijọ́ kan. Ìlú méjì ni wọ́n mú wá: Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí à ń pè ní Dàhòmì tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ Ìdànrè, ìyàwó mi fẹ́ Kétu. Mo ti dé ìlú méjèèjì rí, ẹnu mi ni wọ́n wá ń wò. Mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ń lọ nílé tiyín náà, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní kí n dá Ifá, kí n bi í pé èwo ló dára jù. Mo ní rárá. A ó dá Ifá nítorí ìrìn-àjò, ká mọ̀ bóyá ó ní ire, ká sì mọ ẹbọ tí a ó rú kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú lè rí, tí ọgbọ́n orí sì lè yàn, ẹ má dì í ru Ọ̀rúnmìlà.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìdànrè ṣáájú. Orí òkè ni ìlú àtijọ́ náà wà. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn, ibi ìsinmi márùn-ún sì wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá dókè, ẹ ó rí ààfin àtijọ́ Ọwá, ilé-ẹjọ́ àtijọ́, àwọn ojúbọ àti ibojì àwọn àgbà. Ẹsẹ̀ Agbóògùn wà lára àpáta. Àwọn ará ìlú ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ì báà kéré, ì báà tóbi, àfi ti àjẹ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ọkàn ènìyàn á sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó tó nǹkan bí 100 ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ilé wà lókè, onílé kò sí níbẹ̀ mọ́. Tí oṣù karùn-ún bá dé, tí wọ́n ń ṣe ọdún Orósùn, èrò á tún gun òkè náà. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni ìsinmi tiwa.

Kétu ní tiẹ̀, kò sí òkè tí ẹ máa gùn. Ohun tí wọ́n máa fi hàn yín ni Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi tí wọ́n fi ń dènà ogun láyé àtijọ́, àti ibi tí yàrà gbà yí ìlú ká. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, ó sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn tó ṣẹ́kù padà wálé, wọ́n tún ìlú tò, wọ́n tún fi Alákétu jẹ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò parẹ́. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2008. Àwọn tí wọ́n tà kọjá òkun pàápàá kò gbàgbé. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, Kétu ni àwọn olórìṣà tó ń tẹ̀lé ìlànà Yorùbá ń pe ara wọn. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tó ń jẹ́ Alaketu títí dòní.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn. Ọmọ-ọmọ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá àgbà, tí ẹ̀yin àgbà bá lọ tán, ṣé ẹ̀sìn yìí ò ní parí?” Kò fi ṣe àrífín, ohun tó ń gbọ́ nílé-ìwé ni. Tí mo bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú tí onílé ti kó kúrò, ẹ̀rù ń bà mí pé á ní, “Mo ṣáà ti sọ.” Ní Kétu, á rí ìlú tí wọ́n ti fọ́ rí, á sì bá àwọn onílé nílé, tí wọ́n á kí i ní èdè Yorùbá bó tilẹ̀ jẹ́ pé Faransé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ nílé-ìwé níbẹ̀.

Kétu là ń lọ lọ́dún yìí. Orúnkún ìyàwó mi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: àtẹ̀gùn 600 kì í ṣe eré àgbà. Ìdànrè ń dúró de oṣù karùn-ún ọdún kan tí ọ̀nà bá là, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le ló máa gùn ún.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìmẹ̀kọ wà, ẹ ó gba Ìlárá kọjá ẹnubodè. Ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò dání, kí ẹ sì ṣẹ́ owó náírà sí sẹ́fà. Ẹ mú obì àti orógbó lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà ìlú, kí ẹ tó béèrè ojúbọ kankan. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ fi fóònù sápò.

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ẹ kó wọn jáde. Ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Àṣẹ.