Faransé ló bá dé Àjàṣẹ́, Yorùbá ló bá níbẹ̀

Faransé ni ọmọbìnrin kan ń kà ní yunifásítì ní Nàìjíríà, ni wọ́n bá ní kó lọ fi sáà kan kọ́ ọ l'Ájàṣẹ́, Porto-Novo táwọn òyìnbó ń pè é, olú-ìlú Ilẹ̀ Olómìnira Benin. Owó àjọ ìyá ẹ̀ ló bá lọ o. Àmọ́ bó ṣe wọ ọjà báyìí, Yorùbá làwọn aláta fi kí i. Ta ló tún fẹ́ máa dá ara ẹ̀ lóró? Oṣù kan kọjá, ata ń wọlé, Faransé ò wọlé.

Ọjọ́ tí olùkọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí kò rí nǹkan kan sọ, ló lọ kúnlẹ̀ fún ìyá onílé ẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Yorùbá dá mi lóhùn mọ́." Màmá ò ṣeré! Tó bá fi Yorùbá tọrọ omi, wọ́n á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Ìṣirò ló kọ́kọ́ yé e. Ogún mẹ́rin ni Faransé náà ń pe 80, bí ọgọ́rin Yorùbá gẹ́lẹ́. Orí 70 ni wọ́n ti pínyà: Yorùbá á yọ mẹ́wàá kúrò lára ọgọ́rin, Faransé á fi mẹ́wàá lé ọgọ́ta.

Kí sáà tó parí, Faransé ló fi ń ná ata. Lọ́jọ́ tó ń bọ̀ nílé, ìyá onílé sìn ín dé ìdí mọ́tò. "Bá mi kí màmá ẹ o." Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́.