Ẹ̀kán Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lórí Mábù

Ní ìsọ̀ oníṣòwò táìlì kan lọ́jà Orílé Coker, l'Ékòó, ìyá kan tọ́ka sí táìlì kan tó funfun báláú, tí iṣan aláwọ̀ eérú gba inú rẹ̀ kọjá. "Bọ̀dá, ṣé mábù gidi nìyí?" Bọ̀dá ní, "Màmá, ti Ítálì ni," ó kù díẹ̀ kó búra. Ìyá kò bá a jiyàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ha etí táìlì náà. Kọ́kọ́rọ́ kàn ń yọ̀ ni, kò rí ilà kọ sí i. Ó yọ ọsàn wẹ́wẹ́ nínú báàgì, ó kán omi rẹ̀ sí ojú ibẹ̀. Kò hó. Pọ́sílénì ni, àwòrán mábù ni wọ́n tẹ̀ sí i lójú.

Òkúta ẹfun tí ooru àti ìwúwo abẹ́ ilẹ̀ sọ dà ni mábù. Òkúta náà rọ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ, ohun kíkan a sì máa jẹ ẹ́. Rírọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí Michelangelo lè gbẹ́ ère Dáfídì, tó parí ní 1504, látara mábù Carrara, l'Ítálì. A ní tiwa n'Ígbẹ̀tì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ kúnná. Òkúta ń bẹ nílé, táìlì ń ti òkè òkun wọkọ̀ bọ̀!

Ohun tó ń tú àṣírí mábù náà ló ń bà á jẹ́. Bí omi ọsàn, ọtí kíkan tàbí ọṣẹ ìfọṣalángá tó ní ásíìdì bá dà sí i, ojú rẹ̀ á pa, dídán á lọ. Kì í ṣe àbàwọ́n tí ènìyàn lè fọ̀. Òkúta fúnra rẹ̀ ló ti jẹ, àfi kí oníṣẹ́ tún un bó.

Epo pupa kì í jẹ ẹ́ ní tirẹ̀, wíwọnú ló ń wọnú rẹ̀. Ìyàwó ilé tó bá tètè fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, láì nù ún káàkiri, ti ṣẹ́gun ìdajì. Èyí tó bá ti wọlé, kó po lẹ́bú amọ̀ funfun mọ́ omi, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀, kó fi ọ̀rá bò ó di ọjọ́ kejì, kí amọ̀ lè fa epo náà jáde.

Yanrìn ni ọ̀tá tí a kì í kà sí. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, líle mábù tó 3, ti yanrìn tó 7. Gbogbo bàtà tó bá gbé e wọlé ń ha ilẹ̀ ni. Nítorí náà, ìnusẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wúlò ju ọṣẹ olówó ńlá lọ. Kí a gbálẹ̀ ká tó nù ún, kí ọṣẹ má le, ó parí.

Ìyá náà padà ra mábù gidi fún pálọ̀, ó sì mú pọ́sílénì lọ sílé ìdáná. Ó fi ọ̀rá di ààbọ̀ ọsàn rẹ̀: ti ẹja alẹ́ ni, ẹ̀yìnkùlé ni yóò sì gbé e gbà wọlé.